Bàsíà Tí Ìyá Rẹ Kọ̀ Láti Yọ̀ǹda

Abúlé Ìdí-Emi,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún, 1988.

Àwẹ̀ró mi, Shukurat ọmọ Làsísì onígbàjámọ̀,

Àsàláámù àlékùm o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òrùlé yàrá rẹ ní Agége kò jò mọ́? Ṣé o ń rí oorun sùn nígbà tí rélùwéè bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé yín? Bí o bá bèèrè wa, a wà, a ń jẹ, a ń mu, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá, òun náà sì ń bẹ̀rù òrí tí ìyá rẹ fi ń pa á ní alaalẹ́. Ọlọ́run tó jẹ́ kí ààwẹ̀ tán tí ẹ̀mí wa kò tán, òun náà ni yóò jẹ́ kí Iléyá bá gbogbo wa lórí ìdúró. Ẹni tó bá ní o kò ní rí jẹ ní Èkó, níwájú rẹ̀ ni wàá ti máa jẹun, tí wàá sì bù fún un. Àmín.

Lẹ́tà rẹ tí o fi rán Job onílọ́rì tẹ̀ wá lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo kà á o, má rò pé mo gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀kọ́ àgbà tí mo kọ́ kò tíì jò dànù lórí mi. Mo kọ́kọ́ kà á sínú, lẹ́yìn náà mo kà á sókè fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé iléeṣẹ́ òwú tí o ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú ti ní kí ẹ máa lọ sílé, tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kò sì wá gbé yín mọ́, mo padà sókè, mo tún ìlà náà kà kí n tó máa kà á lọ. O ní ọ̀gá yín sọ pé Sáàpù tí ìjọba gbé dé ló fà á. A ti ń gbọ́ orúkọ ọkùnrin yẹn lórí rédíò, kò sì sí ìgbà kan tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n fi ohun rere tì í. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo yín, bí ẹ ṣe pọ̀ tó nínú iléeṣẹ́ náà, kò sí ẹnìkan tó ronú láti gbé obì lọ bá a nílé. Kò sí bí ọkùnrin ṣe lè burú tó tí kò ní ní ẹnìkan tó lè bá a wí. Ẹ wádìí bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé, ọ̀dọ̀ ìyá ni kí ẹ gbà lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ àgbàlagbà tí yóò bá yín dọ̀bálẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí mi, orúnkún mi á gbà fún mi lọ́jọ́ náà.

Ibi tó mú mi dìde lórí ẹní ni ibi tí o ti sọ pé Rachael, tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì jọ ń gbé yàrá kan báyìí, ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ àtúnṣe èékánná, àti pé o fẹ́ máa ṣe é nínú ilé, nínú yàrá yín àti nílé àwọn tó bá pè ọ́, àti pé ohun èlò ni o ń kó jọ lọ́wọ́. Shukurat, ariwo ni mo pa. Adìyẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sá. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ Muhydeen kọ abẹ sílẹ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ ni òun fẹ́ máa tún ṣe. Mukhtar tó tẹ̀lé e ní òórùn orí ènìyàn ń rí òun lára. Mo ti gbà fún Ọlọ́run pé èmi ni mo máa bá abẹ bàbá mi wọlẹ̀. Ṣé ìwọ tí mo rò pé ilé ọkọ lásán lo ń lọ ni yóò wá gbé e? Ẹ̀yin ará Èkó ti fún un ní orúkọ mìíràn, ẹ ń pè é ní máníkíọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ni. Ta ló ń gé èékánná fún gbogbo abúlé yìí látìgbà ìwáṣẹ̀ bí kò ṣe onígbàjámọ̀?

Ìyá rẹ kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe kà á dé ibi tí àwọn oníbàárà á ti máa na ẹsẹ̀ lé ọ lórí itan kí o lè tún ti ẹsẹ̀ ṣe pẹ̀lú ti ọwọ́, ó ti agbọ̀n èso emi tó fẹ́ fi se òrí sẹ́yìn, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó ní òun kò fi oṣù mẹ́sàn-án gbé oyún kí ọmọ náà lọ máa gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ lé itan ní ìlú onílùú. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ lójú ẹsẹ̀ pé kí o kó ẹrù rẹ bọ̀ nílé kó tó di Iléyá, pé òun ti bá Láídé aláṣọ sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé yóò gbà ọ́ sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo bi í bóyá kò mọ̀ pé orí olórí ni mo ń gbé lé itan látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, àti pé owó orí olórí náà la fi ra gèlè tó wà lórí tirẹ̀. Ó ní orí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀.

Ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi pẹ́. N kò fẹ́ kọ pé kí o máa bọ̀, n kò sì lè kọ pé kí o dúró láìjẹ́ pé ìyá rẹ fọwọ́ sí i, nítorí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ìyá kò bá ṣe àmín sí, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ń rìn. Mo wá fọwọ́ lẹ́rán, mo ní kí n kọ́kọ́ máa kó ohun èlò náà jọ ná.

Òrí, ọṣẹ dúdú àti òwú nìkan ni o ní kí a fi ránṣẹ́, o ní wọ́n ti di iná lọ́jà Agége. Ti òrí ló kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà. Ìyá rẹ tó ń se òrí fún gbogbo àdúgbò yìí ní òun kò ní fi òrí òun ran ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́. Mo fi owó rán ìyá Tinúadé aládùúgbò wa pé kó bá mi ra òrí lọ́wọ́ ìyàwó mi, kó má sọ ẹni tó rán an. Ó rà á, ìyá rẹ tilẹ̀ fi èènì sí i. Ọṣẹ dúdú kò ní wàhálà, mo bù ú nínú èyí tí mo fi ń fá orí. Òwú, inú oko ni mo ti já a, mo jókòó ṣa kóró inú rẹ̀ títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. O kọ ọ́ pé ẹ máa ń lo igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti fi ti awọ ìdí èékánná sẹ́yìn, pé ní Èkó ńṣe ni wọ́n ń rà á. Kí ni a ó ra igi sí, àwa tí a wà nínú igbó? Mo gbẹ́ pákò sí wẹ́wẹ́ fún ọ, ìdì kan, mo fi òkúta ra á títí kò fi ní ẹ̀gún. Èyí tó bá sì kù, ẹ lè fi run ẹnu láàárọ̀, ohun tí ti ilé ìtajà kò lè ṣe nìyẹn.

Ó tún ku irin tó ní eyín wẹ́wẹ́ tí ẹ fi ń ra ẹnu èékánná kó má bàa máa fa aṣọ ya. Mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo fi ń pọ́n àdá ni mo fi sínú àpò. Mo kọ́kọ́ dán an wò lórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo fà á, èékánná náà tán. Nítorí náà, ẹ̀sọ̀ ni kí o máa fi ṣe fún àwọn obìnrin ọ́fíìsì Aláúsá, nítorí wọn kì í ro oko, èékánná tiwọn kò lè le tó tèmi. Mo fi abẹ kan àti òkúta tí a fi ń pọ́n ọn sí i. Má gbé abẹ sún mọ́ ènìyàn títí tí wàá fi lè fá ìdí igbá láìjẹ́ pé o ha á. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi fá igbá, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá irun ti hù lórí rẹ̀.

Omi pupa inú ìgò kékeré tí ẹ ń pè ní kútẹ́ẹ̀sì, èyí tí o fi rán Job sí wa kí a lè mọ ohun tí o ń sọ, ó ti yé mi dáadáa. Kó tó yé mi, ojú ti tì mí nítorí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo tẹ̀lé alága ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀ wa lọ sí báńkì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọbìnrin tó ń ka owó fún wa, gbogbo ìka rẹ̀ ló pupa fòò. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kí i pẹ̀lẹ́, mo bi í pé ta ló gé e báyìí, mo sì bẹ alága kó jẹ́ kí a padà wá lọ́jọ́ tí ọgbẹ́ bá jiná kó má fi ọwọ́ tó ń dùn ún ka owó. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa ló ń rẹ́rìn-ín. Mo kà wọ́n sí ọ̀dájú nígbà náà. Lẹ́tà rẹ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Tí èmi bá ṣèèṣì gé ènìyàn, eérú ni mo máa ń fi sí i, gbogbo abúlé á sì rí i pé Làsísì gé lágbájá. Ẹ̀yin fi pupa kun gbogbo rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ jáde o, ẹ̀jẹ̀ kò jáde o, ojú kan náà ni. Ẹni tó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n ni. Ohun tí n kò tíì lóye ni ìdí tí ènìyàn á fi sanwó kí wọ́n kùn ún, kó tún wá sanwó kí wọ́n nù ún kúrò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń san án, má bi wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo wà tí n kò gbà. O ní Rachael ń wá èékánná inú páálí tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, tí ẹ ó máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àwọn obìnrin olówó ní Omole. Shukurat, ọwọ́ ta ni wọ́n ti yọ wọ́n? Aṣọ òkìrìkà, a lè fọ̀ ọ́, a lè sá a sóòrùn, ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ á gbàgbé. Èékánná kì í gbàgbé ẹni tó ni ín. Bí olóhun bá ti kú ńkọ́? Bí kò bá tíì kú, tó kàn jẹ́ pé ìyà ló mú un tà á, tí nǹkan bá wá ṣẹnuure fún un lọ́la, tó ní òun fẹ́ gbà á padà ńkọ́? Sọ fún Rachael kó bi ẹni tó ń tà á bóyá ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i. Tí kò bá ti ní ẹ̀rí, kí ẹ fi sílẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin Omole ní sùúrù fún èyí tí Ọlọ́run ń hù fún wọn.

Mi ò kàn sọ èyí lásán, ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ ló fà á. O ní ẹni àkọ́kọ́ tó pè ọ́ ni Olúfọlákẹ́, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọba ní Aláúsá. O ní nígbà tí o ṣe tán, o ṣa gbogbo èékánná tí o gé, o dì í sínú ìwé, o fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó wò ọ́ títí. Ó ní gbogbo ibi tí òun ti ń ṣe é, ọkàn òun kì í balẹ̀ bí òun bá rí ìgbálẹ̀ tó ń gbá èékánná òun lọ síbi tí òun kò mọ̀, pé ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa dá tòun padà fún òun, pé òun máa kó àwọn ará ọ́fíìsì òun wá bá ọ. Bí ẹni sọ pé òjò rọ̀ ni o ṣe sọ ọ́, ìlà kan péré, o sì kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ṣé o rántí ibi tí o ti kọ́ ọ? Nígbà tí o kò tíì ga ju àpótí mi lọ, ìwọ lo máa ń ṣa irun àti èékánná nílẹ̀ tí mo bá fá orí tán, wàá dì í sínú ewé, wàá dúró ti oníbàárà títí yóò fi gbà á. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń sá lọ ṣeré. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ fún ìyá rẹ, inú mi dùn púpọ̀. Òun ṣáà ń fọ́ èso emi lọ.

Ó ku bàsíà. Nínú ohun gbogbo tí o ní owó rẹ kò tíì ká, òun ni o fi ṣe àkọ́kọ́, bàsíà tánganran tí ènìyàn lè ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. O mọ bí ìyá rẹ ṣe to bàsíà sórí àjà. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ẹyọ kan péré. Nígbà tó yá mo rí i tó gun àpótí, ó kó gbogbo wọn sílẹ̀, ó fi ìró di wọ́n, ó tì wọ́n sábẹ́ ibùsùn, ó sì lọ jókòó lórí ibùsùn náà. Mo mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yìí ju bàsíà lọ. Bí bàsíà kò bá jáde lábẹ́ ibùsùn yẹn, ìwọ náà kò ní dúró ní Agége.

Mo sùn lé e. Mo rò ó pé ẹni tí kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò ló ń sọ pé kò níyọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, tí kò sí òrí sísè, bí a ti kírun Àsùbáà tán, mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní ọwọ́ rẹ̀, mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ tí o kọ sínú lẹ́tà yìí kò ní ta ènìyàn lára. Ó ní ìka kan ni òun máa yọ̀ǹda. Mo ní ìka kan tó. Igbá tí mo fi ń po ọṣẹ ìfárun ni mo da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí, mo fún ọsàn sí i, mo ju iyọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, mo sì fà á lọ́wọ́ sínú rẹ̀.

Ọmọ mi, látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, n kò tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ wò lójú ọ̀sán. Ọwọ́ tó ń gbé oúnjẹ fún mi ni mo mọ̀, n kò mọ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti là sí méjì, òkúta tó fi ń fọ́ èso emi ló là á. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le gbagidi. Lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo rí àpá ńlá kan, mo bi í pé kí ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò. Ó ní òrí gbígbóná ló dà sí i lọ́jọ́ tó já Shukurat gbà nídìí ìkòkò, nígbà tí ó ń rákò. Mo rántí ọjọ́ náà, mo rántí pé iná kò kàn ọ́, mo rántí pé a dúpẹ́. N kò rántí pé ó kan ẹnìkan. Mo bi í bóyá ó ṣì ń dùn ún, ó ní rárá, ó máa ń yún òun lẹ́ẹ̀rùn ni. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tó fi ń yún un yìí, orí àwọn ará abúlé ni mo ń fá. Omi bọ́ lójú mi sínú igbá. Mo ní ọsàn ló ta sí mi lójú.

Mo fi pákò ti awọ ìdí èékánná náà sẹ́yìn, mo ra ẹnu rẹ̀, mo fi òrí pa á. Mo ní ó ti parí, mo fẹ́ dìde. Ó ti ìka kejì sínú omi fúnra rẹ̀. Ènìyàn kì í bá ẹyẹ tó bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo ń ṣe é lọ. Bí a ṣe ṣe gbogbo rẹ̀ tán nìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì. Nígbà náà ló wá bèèrè, tí kò wojú mi, pé ìgò pupa tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ dà.

Mo kùn ún fún un. O kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan nǹkan títí yóò fi gbẹ, o kò sì sọ bí yóò ti pẹ́ tó, nítorí náà a kò fẹ́ ṣe àṣìṣe. Ìyá rẹ jókòó sábẹ́ igi emi, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni ń yáná, kò kan nǹkan kan títí oòrùn fi ga. Èmi ni mo fínná. Èmi ni mo po ẹ̀kọ, ó dì kókó, mo fún un mu, ó ní kò burú. Èmi ni mo tún gèlè rẹ̀ wé, mo lé ewúrẹ́, mo sì ń bá a họ ẹ̀yìn níbi tó bá ní ó ń yún òun. Mo di ìyàwó ìyàwó mi. Ìyá Tinúadé kọjá, ó bi mí bóyá ara Fatimah ìyàwó mi kò yá ni. Ìyá rẹ gbé ọwọ́ sókè, ó ní ara òun yá, wọ́n ń tún òun ṣe ni. Nígbà tó gbẹ, ó ní òun ń lọ pọnmi, ó gba ọ̀nà tó yí gbogbo abúlé po, kò sì gbé korobá dání.

Àkókò ìrun Àyìlá ló bà á jẹ́ díẹ̀. Álífà Shuaib rí i níbi àlùwàlá, wọ́n ní omi kò lè kan èékánná tí a kùn, pé ó gbọ́dọ̀ kúrò kí ìrun tó lè gúnlẹ̀. O kò fi omi tí ẹ fi ń nù ún ránṣẹ́ sí wa. Abẹ ni mo fi ha á kúrò, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde, kí o lè mọ̀ pé ọwọ́ bàbá rẹ kò tíì gbọ̀n. Ìyá rẹ ń wò ó bó ṣe ń já bọ́, ojú rẹ̀ fà ro. Ó wá sọ ọ́ láti inú ara rẹ̀ pé àwọn ìyá àwọn kò kun kútẹ́ẹ̀sì, làálì ni wọ́n ń lé, omi ń kàn án, ìrun ń gbà, kì í sì í tètè parẹ́. Ó ní àwọn obìnrin tó ń kírun ní Agége kò lè ṣàì pọ̀, kí ló dé tí ọmọ náà kò ṣe làálì fún àwọn yẹn, kó kun kútẹ́ẹ̀sì fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì? Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti wà lẹ́yìnkùlé Álífà, ó ń já ewé làálì. Ó sá a gbẹ, ó gún un, ìdì tó wà nínú ewé gbígbẹ yẹn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bi mí bóyá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni o máa ń lò. Ó ní kí o má lọ fi omi tútù bọ ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní omi gbígbóná kò ní ṣòro fún un, ohun tí yóò da omi náà sí ni kò ní. Ó dìde, ó tẹ̀ ba, ó fa ẹrù tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde, ó tú u. Mo rò pé yóò mú ọ̀kan nínú àwọn tuntun. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló mú, funfun, ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ aró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ṣí. Inú rẹ̀ la ti wẹ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, inú rẹ̀ ni a sì ń wẹ̀ ọ́ títí o fi lè jókòó. N kò mọ̀ pé ó ṣì wà. Ó nù ún, ó fi òrí pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ lára, ó gbé e fún mi, ó ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí o má kó ẹrù rẹ bọ̀ o. Kí o wá ṣọdún, kí o jẹ ẹran, kí o padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí Láídé pé kó wá ẹlòmíràn sí ìsọ̀ rẹ̀.

Báyìí, tí nǹkan bá ń wọlé fún ọ, má gbàgbé wa. Fi owó díẹ̀ rán Job fún epo atùpà àti ṣúgà, nítorí Sáàpù kò fi tiwa náà sílẹ̀. Fi omi tí ẹ fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò kún un, àti ìgò pupa mìíràn, nítorí ìyá Tinúadé àti àwọn ìyàwó ilé ti ń bèèrè lọ́wọ́ mi ìgbà tí yóò kàn wọ́n, àwọn ọkọ wọn sì ti ń wò mí ní ìwòkuwò, wọ́n ní mo fẹ́ sọ wọ́n di ẹni tó ń fínná. Kí Rachael, mo fi pákò tirẹ̀ kún un.

Ọlọ́run tó fi ọwọ́ jíǹkí wa yóò fi ohun rere sí i. Ọwọ́ tí o bá dì mú kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn ẹni ńlá Aláúsá yóò na ọwọ́ sí ọ, ìwọ kò ní na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni láti tọrọ. Bí Job bá ti já àpò náà lé ọ lọ́wọ́, bàsíà ọ̀hún wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo fi òwú yí i ká kó má bàa tún ṣí. Má tíì pe oníbàárà kankan. Ìyá rẹ ní kí o gbé omi kaná, kí o dà á sí i, kí o sì kọ́kọ́ ki ọwọ́ tìrẹ bọ̀ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làsísì onígbàjámọ̀.